Eurovision 2026 ní Vienna: wíwò ó, dídìbò àti kíka pọ́íǹtì fún àwa tá a wà ní Àbújá àti òkè Ọya

AdùnOrin_Gwarinpa
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn orin. Eurovision ọdún yìí, ìdíje orin tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún ní Yúróòpù, ń bọ̀ lọ́nà. JJ ọmọ Ọ́sítríà ló fi "Wasted Love" borí ní Basel lọ́dún 2025, ìdí nìyẹn tó fi kan Vienna, olú ìlú wọn, láti gbàlejò. Gbọ̀ngàn Wiener Stadthalle ni. Ìpele méjì tó ṣáájú àṣekágbá bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun 12 àti Ọjọ́bọ̀ 14 oṣù Karùn-ún. Àṣekágbá bọ́ sí Sátidé 16. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ tiwọn ni aago mẹ́jọ alẹ́ tiwa. Ẹni tó bá wo aago tí wọ́n kọ síbẹ̀, tí kò yọ wákàtí kan kúrò, orin bíi mẹ́wàá á ti kọjá kó tó jókòó.

Orílẹ̀-èdè 35 ló ń kópa. Bùlùgéríà, Mọ̀lídófà àti Ròmáníà padà wá. Spéènì, Nẹ́dálándì, Áyálándì, Slofíníà àti Áísílándì fà sẹ́yìn torí pé wọn ò fara mọ́ bí Ísírẹ́lì ṣe wà níbẹ̀. Àríyànjiyàn yẹn ní ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́; ẹ jẹ́ ká fi ibí yìí sọ̀rọ̀ orin àti ìdíbò.

Àwọn tó wọ àṣekágbá tààrà, láìkọ́kọ́ díje ní ìpele tó ṣáájú, lọ́dún yìí ni Ọ́sítríà tó ń gbàlejò, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Jámánì àti Ítálì. Àwọn 30 tó kù pín sí méjì, 15 lọ́jọ́ kìíní, 15 lọ́jọ́ kejì, mẹ́wàá mẹ́wàá á yege. Orin 25 la máa gbọ́ lálẹ́ Sátidé.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè lórí bí wọ́n ṣe ń wò ó, bí wọ́n ṣe ń dìbò tàbí bí pọ́íǹtì ṣe ń rìn, kó gbé e síbí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa, ẹ má dákẹ́ o.

ỌmọKubwa
Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí Adùn. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo ní. Dátà mélòó ló máa tó mi? Ṣé ìbò àwa ará Nàìjíríà tiẹ̀ já mọ́ nǹkan kan? Ẹ̀kẹta, kí ló dé tí wọ́n fi ń gba ojóró láyè? Ní Liverpool lọ́dún 2023, Käärijä ti Fínlándì ni gbogbo ayé dìbò fún, Loreen ti Súwídìn ni wọ́n gbé ife fún. Ẹ ṣàlàyé yẹn fún mi.

Bọ̀dáDátà_Lugbe
Ẹ jẹ́ kí n mú ti dátà. Ìkànnì YouTube ti Eurovision fúnra rẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ, kì í ṣe àwọn ojú ìwé tó ń jí i gbé, tí wọ́n máa ń já mọ́ èèyàn lójú nígbà tí pọ́íǹtì bá ń dùn lọ́wọ́.

Àṣekágbá máa ń tó wákàtí mẹ́rin. Tí ẹ bá fi ojú àwòrán sí 480p, wákàtí kan á jẹ nǹkan bíi 500 sí 700 MB, ìyẹn ni pé 2.5 GB sí 3 GB á gbé e dópin. Tí ẹ bá fi í sí 720p, á sún mọ́ 1.5 GB ní wákàtí kan, kí ẹ sì ní 6 GB nílẹ̀ fún gbogbo rẹ̀. 1080p lè gba ìlọ́po ìyẹn. Lórí fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n kékeré, 480p tó.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á fi í sílẹ̀ kó máa yan ojú àwòrán fúnra rẹ̀. Nẹ́tíwọ̀kì á gbéra díẹ̀, á sáré bọ́ sí 1080p. Nẹ́tíwọ̀kì á tún rọlẹ̀, á dúró gbagidi, á máa yí bírí bírí. Ẹ fọwọ́ yan 480p látìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tó bá sì dúró, ẹ má ṣe tún ojú ìwé náà ṣí. Ẹ dá a dúró fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 20 kó kó díẹ̀ pa mọ́, kí ẹ tó jẹ́ kó máa lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà láwọn ibi tí nẹ́tíwọ̀kì ti máa ń wúwo lálẹ́ Sátidé, bíi Nyanya àti Lugbe wa níbí, ẹ ní síìmù ilé iṣẹ́ míì tẹ́ ẹ ti fi dátà sí lọ́wọ́. Ìgbà tí dátà bá tán kọ́ ló yẹ kéèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ẹni tó máa rà á fún un.

Ìmọ́lẹ̀_Barnawa
Kí n fi ti iná kún ọ̀rọ̀ Bọ̀dá Dátà, torí NEPA ò mọ Eurovision. Tẹlifíṣọ̀n 43 ínṣì ń jẹ bíi wáàtì 80, ráútà bíi 10 sí 15, ẹ̀rọ ohùn kékeré bíi 25. Ẹ pè é ní 120. Bátìrì olómi 12V 100Ah kan ní 1200 Wh nínú, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ lò tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó pẹ́, ìyẹn 600. Ínfátà náà á jẹ díẹ̀ lójú ọ̀nà, ohun tó kù á bọ́ sí nǹkan bíi 500. Ẹ pín in sí 120: wákàtí mẹ́rin àti díẹ̀.

Ẹ rí i pé ó kàn yọ náà ni. Tí fáànù bá wà lórí bátìrì kan náà, tàbí tí bátìrì ti lo ọdún mẹ́ta, iná á kú nígbà tí wọ́n bá ń ka ìbò aráàlú gẹ́lẹ́, ibi tó dùn jù. Ẹ yọ fáànù kúrò, kí bátìrì sì ti kún kó tó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó ní lítíọ́ọ̀mù ò ní ìṣòro, òun lè lo ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá rẹ̀.

AdùnOrin_Gwarinpa
Ọlọ́run á san yín lóore, ẹ̀yin méjèèjì.

ỌmọKubwa, ọ̀rọ̀ pọ́íǹtì ló kù fún ẹ. Pọ́íǹtì kì í ṣe iye ìbò, ipò ni. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan á to àwọn orin láti orí èkíní dé ìgbẹ̀yìn. Èkíní á gba 12, èkejì 10, ẹ̀kẹta 8, lẹ́yìn náà 7, 6, 5, 4, 3, 2, 1. Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn láti ọdún 1975. Tí orin kan bá fi ìbò ẹyọ kan ṣáájú ní orílẹ̀-èdè kan, 12 ni. Tó bá fi mílíọ̀nù kan ṣáájú, 12 náà ni.

Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń fúnni ní pọ́íǹtì lẹ́ẹ̀mejì: ti ìgbìmọ̀ adájọ́, àti ti aráàlú. Láti ọdún 2016 ni wọ́n ti ń kà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwa tá ò sí lára àwọn tó ń díje, wọ́n kó gbogbo wa sínú agbọ̀n kan láti ọdún 2023, "Ìyókù Ayé". Nàìjíríà, Amẹ́ríkà, Bràsíìlì, Gánà, gbogbo wa jọ ni orílẹ̀-èdè kan, ìbò aráàlú nìkan la sì ní.

Lọ́dún yìí, adájọ́ 35, aráàlú 35, àti Ìyókù Ayé, ó di ìtò 71. Ìtò kọ̀ọ̀kan ní pọ́íǹtì 58 nínú. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 4,118. Ti Ìyókù Ayé jẹ́ 58 péré nínú rẹ̀.

ỌmọKubwa
58 nínú 4,118! Ẹ ò rí i pé kò já mọ́ nǹkan kan.

AdùnOrin_Gwarinpa
Rárá o. Wo Basel, 2025. Ísírẹ́lì ṣe ipò kejì pẹ̀lú 357, Ẹstóníà ṣe ipò kẹta pẹ̀lú 356. Pọ́íǹtì ẹyọ kan! Kí Ìyókù Ayé gbé orin kan sókè ní ipò kan tàbí méjì, àtẹ yẹn á yí padà. Àti pé orílẹ̀-èdè tó ń díje gan-an, 58 kan náà ni aráàlú rẹ̀ ní lọ́wọ́. Málítà tí gbogbo èèyàn inú rẹ̀ ò tó àwọn tó ń gbé Àbújá, 58 náà ló ní.

ÀgbàAkọrin_Kàdúná
Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ jẹ́ kí n mú ti adájọ́, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ "ojóró" ti ń yọjú lọ́dọọdún.

Títí di ọdún tó kọjá, adájọ́ márùn-ún ni orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní. Lọ́dún yìí wọ́n sọ wọ́n di méje, méjì ó kéré tán gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 18 sí 25. Oníṣẹ́ orin àti àwọn tó mọ̀ nípa orin àti eré orí ìtàgé ni wọ́n. Olúkúlùkù á to gbogbo orin fúnra rẹ̀, wọn ò gbọ́dọ̀ gbìmọ̀ pọ̀. Ohun tí wọ́n ń wò ni bí orin ṣe jinlẹ̀ tó àti bóyá ó ní nǹkan tuntun nínú, bí ohùn ṣe dúró, bí eré orí ìtàgé ṣe rí, àti bí gbogbo rẹ̀ ṣe para pọ̀.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: kì í ṣe eré Sátidé tí ẹ̀yin ń wò ni àwọn adájọ́ fi ń ṣèdájọ́. Ìdánrawò alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni. Olórin tí ohùn rẹ̀ bá ha lọ́jọ́ Ẹtì, tó wá kọrin bí áńgẹ́lì lọ́jọ́ Sátidé, ìdajì pọ́íǹtì rẹ̀ ti lọ kí ẹ tó tan tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀yin tó wà nílé á máa ké pé ojóró, torí ẹ ò rí ohun tí àwọn adájọ́ rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ṣe dáadáa lọ́jọ́ Ẹtì tó wá kọsẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé: adájọ́ á gbé e lékè, aráàlú á fi í sílẹ̀.

Ní ti Liverpool tí ọmọ wa láti Kubwa mẹ́nu bà: Loreen gba 340 lọ́wọ́ adájọ́ àti 243 lọ́wọ́ aráàlú, ó jẹ́ 583. Käärijä gba 150 àti 376, ó jẹ́ 526. Ipò kejì ni Loreen wà lọ́dọ̀ aráàlú náà. Kì í ṣe pé aráàlú kọ̀ ọ́.

ỌmọKubwa
Bàbá, mo gbọ́ yín, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n èèyàn tí ń wò ó lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù, adájọ́ ò ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ. Kí ló dé tí ọwọ́ wọn fi wúwo tó ti gbogbo aráyé? Lọ́dún 2025, adájọ́ fún Swítsálandì ní 214. Aráàlú fún un ní òdo. Òdo! Ta ni wọ́n ń ṣojú fún?

ÀgbàAkọrin_Kàdúná
Ìbéèrè gidi ni, ọmọ mi. Òdo yẹn kò túmọ̀ sí pé kò sẹ́ni tó dìbò fún un. Ó túmọ̀ sí pé kò bọ́ sí mẹ́wàá àkọ́kọ́ níbì kankan. Orin tó bá wà ní ipò kọkànlá ní gbogbo orílẹ̀-èdè, òdo ló máa gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi gbogbo ni wọ́n ti fẹ́ràn rẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó ń gbé fóònù láti dìbò, orin tó wù ú jù ló ń dìbò fún, kì í dìbò fún èyí tó kàn dára. Adájọ́ ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ to gbogbo wọn, nítorí náà orin tó dára níwọ̀nba á rí nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí orin tó tutù tó sì mọ́ fi ń rí ojú rere adájọ́, tí orin tó gbóná tó ń mú èèyàn fò sókè fi ń kó ìbò aráàlú.

Láti 2023 sí 2025, wọ́n yọ adájọ́ kúrò ní àwọn ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, aráàlú nìkan ló ń dìbò níbẹ̀. Lọ́dún yìí wọ́n dá wọn padà. Lójú tèmi, ó dára bẹ́ẹ̀. Kò rọrùn fún orin tí kò ní ariwo nínú láti yege láàárín àwọn aláriwo tó ń fò kiri ìtàgé.

AdùnOrin_Gwarinpa
Kí n fi àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù tì í lẹ́yìn. Stockholm, 2016. Adájọ́ gbé Dami Im ti Ọsirélíà sípò kìíní pẹ̀lú 320. Aráàlú gbé Rọ́ṣíà sípò kìíní pẹ̀lú 361. Ta ló borí? Jamala ti Yukréènì, tó ṣe ipò kejì lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì: 211 àti 323, ó jẹ́ 534. Ọsirélíà ní 511, Rọ́ṣíà 491. Ìdíje yìí ń san ẹni tí ibi méjèèjì gbà, ju ẹni tí apá kan kú fún lọ. Lọ́dún 2025 náà, JJ gba 258 àti 178. Ipò kẹrin ló wà lọ́dọ̀ aráàlú, ó sì gbé ife.

Ẹ sì rí Salvador Sobral ti Pọ́túgà lọ́dún 2017: 382 lọ́wọ́ adájọ́, 376 lọ́wọ́ aráàlú, 758. Kò tíì sí ẹni tó gbà tó bẹ́ẹ̀. Òun nìkan lórí ìtàgé, kò sí oníjó.

ỌmọKubwa
Ó yé mi. N kò tíì gbà tán, ṣùgbọ́n ó yé mi.

Àdùkẹ́_SabonGari
Ẹ kú alẹ́ láti Kánò o. Ìgbà wo ni Nàìjíríà máa kópa? Ṣé NTA ò lè forúkọ sílẹ̀ ni? Orin tiwa ló gba gbogbo ayé báyìí.

AdùnOrin_Gwarinpa
Kò ṣeé ṣe báyìí, Àdùkẹ́ mi, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ EBU, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ Yúróòpù tó ń ṣètò ìdíje yìí, ló lè forúkọ sílẹ̀, àwọn tó wà ní agbègbè ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ti Yúróòpù ló sì wà fún. Ààlà rẹ̀ níhà gúúsù ni ìlà 30 ní àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Àbújá wà ní nǹkan bí ìlà 9. Sókótó gan-an wà ní ìlà 13. A ò tíì sún mọ́ ọn. Íjíbítì, Tùnísíà, Àlùjíríà àti Móròkò bọ́ sínú ààlà yẹn, ìdí nìyẹn tí Móròkò fi kópa lọ́dún 1980. Samira Bensaïd ló kọrin fún wọn ní èdè Lárúbáwá, ó gba pọ́íǹtì méje, ọwọ́ Ítálì nìkan ni gbogbo rẹ̀ ti wá, ó ṣe ipò 18 nínú 19. Wọn ò tún padà wá mọ́.

Ọsirélíà tí ẹ ń rí níbẹ̀ láti 2015, pípè ni wọ́n pè é. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù fún wa nìyẹn.

Àdùkẹ́_SabonGari
Ẹ̀jẹ̀ wa ti wà níbẹ̀ ná. Destiny Chukunyere tó kọrin fún Málítà ní Rotterdam lọ́dún 2021, ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀. Òun náà ló gba ife ti àwọn ọmọdé lọ́dún 2015. Ohùn ọmọ yẹn! Adájọ́ fún un ní 208, aráàlú fún un ní 47 péré. Ipò keje ló bá dé.

ÀgbàAkọrin_Kàdúná
Ohùn ló fi gba ọkàn àwọn adájọ́ yẹn, Àdùkẹ́. Ohùn gidi kì í farasin fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n.

Gbohùngbohùn_Sàmárú
Níwọ̀n bí a ti dé orí ohùn, ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí ìtàgé, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ń bú olórin fún ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Orin ò gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Èèyàn mẹ́fà ló pọ̀ jù lórí ìtàgé, wọ́n gbọ́dọ̀ pé ọmọ ọdún 16, ẹranko ò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀. Ohùn ẹni tó ń dá orin gbọ́dọ̀ jẹ́ ojú ẹsẹ̀. Ti elégbè ló yàtọ̀: láti ọdún 2021, wọ́n gbà kí ohùn elégbè ti wà nínú orin tí wọ́n gbà sílẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, gbogbo ohùn pátá ló gbọ́dọ̀ wá látẹnu àwọn mẹ́fà yẹn. Ní ti ohun èlò, gbogbo gìtá àti ìlù tẹ́ ẹ ń rí níbẹ̀, kò sí èyí tó ń dún. Ìró wọn ti wà nínú ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀. Ẹgbẹ́ olóhun èlò tó máa ń jókòó sí gbọ̀ngàn tẹ́lẹ̀, ọdún 1998 ni wọ́n lò ó kẹ́yìn.

Àwọn kámẹ́rà ń tẹ̀ lé orin náà lórí kọ̀ǹpútà: wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní ìlù báyìí, kámẹ́rà báyìí á mú ojú, èyí tó kàn á wá láti òkè. Iná náà ń tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, olórin gbọ́dọ̀ dúró síbi tí wọ́n sàmì sí gan-an. Kó sún kúrò níbẹ̀ ní mítà kan, kámẹ́rà á mú èjìká rẹ̀, iná á tàn sí ibi tí kò sẹ́ni kankan. Ìdánrawò tó ní pẹ̀lú kámẹ́rà kó tó di ọ̀sẹ̀ ìdíje ò pọ̀: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lákọ̀ọ́kọ́, ogún ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á jókòó wo àwòrán rẹ̀, wọ́n á sì sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n yí padà. Ẹni tó bá fi ogún ìṣẹ́jú yẹn jà lórí aṣọ, kò ní rí àyè tún ibi ìdúró rẹ̀ ṣe.

Ohun tó sì ń ba ohùn jẹ́ jù ni ẹ̀rọ etí. Olórin ń gbọ́ orin àti ohùn ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Tó bá yọ ní etí kan, ariwo gbọ̀ngàn á bò ó mọ́lẹ̀. Ìró tó ń gbọ́ látinú gbọ̀ngàn sì máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bó ṣe máa bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ sẹ́yìn ìlù nìyẹn, ohùn rẹ̀ á sì máa rọlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí olórin tó ń fọwọ́ tẹ etí rẹ̀ tàbí tó yọ ẹ̀rọ náà pátápátá, ẹ mọ̀ pé ìyà ló ń jẹ ẹ́.

Àdùkẹ́_SabonGari
Tí nǹkan bá wá bàjẹ́ pátápátá ńkọ́, ṣé wọ́n máa ń jẹ́ kó tún un kọ?

Gbohùngbohùn_Sàmárú
Tí kì í bá ṣe ẹ̀bi rẹ̀, wọ́n lè fún un láyè. Ní Lisbon lọ́dún 2018, ọkùnrin kan fò sórí ìtàgé, ó já gbohùngbohùn gbà lọ́wọ́ SuRie ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní kó tún un kọ, ó ní rárá, ohun tó ṣe ti tẹ́ òun lọ́rùn. Wọ́n tún máa ń ní ìdánrawò tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́. Lọ́dún 2021, kòrónà mú ọ̀kan lára ẹgbẹ́ Daði ti Áísílándì, fídíò ìdánrawò wọn ni wọ́n fi hàn, wọ́n sì tún ṣe ipò kẹrin.

ỌmọKubwa
Ó yá, ẹ ti yí mi lọ́kàn padà, mo fẹ́ dìbò. Báwo ni mo ṣe máa sanwó?

Bọ̀dáDátà_Lugbe
Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, ní esc.vote. Àwa ìyókù ayé ò ní nọ́ńbà tí a lè pè tàbí fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí, nítorí náà ẹni tó bá fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp pé ẹ fi dìbò, olè ni.

Káàdì ni wọ́n fi ń mọ orílẹ̀-èdè tí ìbò ti wá. Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yẹ̀ nìyí: ọ̀pọ̀ báǹkì dá lílo káàdì náírà fún owó òkèèrè dúró lọ́dún 2022, àwọn kan sì ti ṣí i padà lọ́dún 2025. Ẹ má ṣe dúró di alẹ́ Sátidé kẹ́ ẹ tó mọ èyí tí tiyín jẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ wọ áàpù báǹkì yín, ẹ wò ó bóyá wọ́n ti ṣí ìnáwó òkèèrè, ẹ wo iye tí wọ́n fàyè gbà, kí ẹ fi ra nǹkan kékeré kan lókè òkun láti dán an wò. Tó bá kọ̀, káàdì dọ́là ló kù. Káàdì dọ́là orí áàpù lè hàn bí ti Amẹ́ríkà. Ìyẹn ò ba nǹkan jẹ́, inú agbọ̀n Ìyókù Ayé náà ni Amẹ́ríkà wà. Tẹ́ ẹ bá ń lo VPN, áàpù tó ń fi ibi téèyàn wà pa mọ́, ẹ pa á, kí káàdì àti íntánẹ́ẹ̀tì yín má baà máa sọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ wo iye owó tí wọ́n bá kọ síwájú yín kẹ́ ẹ tó tẹ ohunkóhun, kẹ́ ẹ sì fi owó tí báǹkì á yọ kún un. Ìbò 20 lẹnì kan lè dì tẹ́lẹ̀. Lọ́dún yìí wọ́n ti dín in kù sí 10. Ìdíbò àṣekágbá sì ti máa ń ṣí kí orin àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ò nílò láti dúró dìgbà tí gbogbo ayé á rọ́ wọlé pọ̀.

AdùnOrin_Gwarinpa
Kí n fi ọgbọ́n kan kún un. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ ipò là ń kà, orin tẹ́ ẹ ti mọ̀ pé òun ló máa ṣe ipò kìíní nínú Ìyókù Ayé, ìbò yín ò lè fi nǹkan kan kún 12 rẹ̀. Ẹ gbé ìbò yín lọ sọ́dọ̀ orin rere tó wà lẹ́bàá ipò kẹwàá tàbí ìkejì sí ìkarùn-ún. Ibẹ̀ ni ìbò díẹ̀ ti lè yí pọ́íǹtì padà.

Àdùkẹ́_SabonGari
Àwa bíi mẹ́wàá la máa jọ wò ó. Báwo la ṣe lè ka pọ́íǹtì tiwa láìsí ariwo?

AdùnOrin_Gwarinpa
Ẹ má ṣe fún orin ní máàkì lórí mẹ́wàá bó ṣe ń lọ. Aṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn. Ọwọ́ gbogbo èèyàn máa ń há níbẹ̀rẹ̀, torí wọn ò tíì mọ ohun tó ń bọ̀. Tó bá di orin 20, oorun tàbí ayọ̀ ti mú kí wọ́n máa fún gbogbo orin ní 8. Orin àkọ́kọ́ á sì jìyà lásán.

Ẹ fún olúkúlùkù ní bébà kan, kẹ́ ẹ ká a sí méjì lóòró. Apá òsì, ẹ kọ orílẹ̀-èdè 25 bí wọ́n ṣe tò wọ́n. Bí orin bá ti ń parí, kí oníkálukú sàmì sí èyí tó wù ú nìkan, kó kọ ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta síwájú rẹ̀, bí "aṣọ pupa, ohùn òkè", torí orin 25 máa ń dàrú mọ́ra lórí èèyàn. Lẹ́yìn orin tó kẹ́yìn, wọ́n máa ń fi díẹ̀díẹ̀ nínú gbogbo wọn hàn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ yan mẹ́wàá, kẹ́ ẹ to wọ́n sí apá ọ̀tún láti 12 dé 1. Kí ẹnì kan ṣoṣo gba bébà, kó ro ó pọ̀. Ti ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ 58; èyí tí kò bá jẹ́ 58, ẹni tó ni ín ti kọ nọ́ńbà kan lẹ́ẹ̀mejì tàbí ó ti fò ó.

Nígbà tí wọ́n bá ń ka ti gidi, ẹ la ọ̀nà méjì sórí bébà míì: adájọ́, aráàlú. Wọ́n á ka ti adájọ́ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á ka ti aráàlú, bẹ̀rẹ̀ látorí ẹni tó kéré jù lọ́dọ̀ adájọ́. Tó bá ku ẹyọ kan, ẹ ṣírò rẹ̀ kíá. Lọ́dún 2025, nígbà tó ku Ọ́sítríà nìkan, JJ ní 258, ẹni tó wà lókè ní 357. Ó nílò 100. Kó gba 99, wọ́n á dọ́gba, tẹ́ni méjì bá sì dọ́gba, ẹni tí aráàlú fún ní pọ́íǹtì jù ló ń borí. Ísírẹ́lì ti ní 297 lọ́dọ̀ aráàlú, nítorí náà JJ ì bá pàdánù. 178 ló gbà.

Àdùkẹ́_SabonGari
Ẹ ṣeun púpọ̀, Àǹtí. Màá lọ ra bébà.

Bọ̀dáDátà_Lugbe
Nǹkan kan kù. YouTube máa ń fi bí ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 30 pẹ́ ju tẹlifíṣọ̀n àwọn tó wà ní Yúróòpù lọ. Ẹni tó ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní London tàbí Berlin, tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp kan, kó pa dátà fóònù yẹn láti ìgbà tí ìbò aráàlú bá ti bẹ̀rẹ̀. Tí fóònù yẹn bá sì ni ẹ fi ń fún tẹlifíṣọ̀n ní íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ pa ìró WhatsApp rẹ̀, kẹ́ ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀.

ỌmọKubwa
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Màá wọ áàpù báǹkì mi lálẹ́ yìí, màá sì sọ èyí tó ṣiṣẹ́ fún yín níbí kí àwọn míì lè lò ó.